Oúnjẹ ojú iṣan ń wọlé, ṣùgbọ́n ẹnu aláìsàn kọ oúnjẹ: kí lẹ ṣe sí i?

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀ṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò mi ọkùnrin ló wà ní ọsibítù. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló lu ìfun rẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, àmọ́ ojú ibi tí wọ́n rán kò jinná dáadáa, omi ìfun ń gba ojú ọgbẹ́ jáde. Ni wọ́n bá ní kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun sẹ́nu. Àpò ńlá kan tó funfun bíi wàrà ni wọ́n ń so kọ́ fún un, ó ń gba iṣan ọrùn wọlé. Wọ́n ní oúnjẹ ni.

Ohun tó rú mi lójú nìyí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ebi ń pa á gan-an. Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì fún ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, á kọjú sí ògiri, á ní àwọn dókítà ń fi ebi pa òun. Nísinsìnyí tí wọ́n ti ní ó lè máa mu ògì díẹ̀díẹ̀, ó kọ̀ ọ́. Ó ní ó ń rùn, ó ní ẹnu òun korò. Ìyá wa ní ẹnu rẹ̀ ti kú nìyẹn, ká lọ wá àgbo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí, kí lẹ ṣe?

Bàbá Ìbejì

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Omi tí wọ́n ń fà sí i lára yẹn, oúnjẹ ni. Nígbà tí ìyá àwọn ìbejì dùbúlẹ̀ àìsàn, omi oníyẹ́lò ni wọ́n fi gbé e ró, kò jẹ nǹkan kan, ó sì dìde. Má fi ipá bọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́

Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, àmọ́ omi tiyín àti àpò tí wọ́n so fún àbúrò Àbẹ̀kẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń kà á mọ ìyàtọ̀ yìí kí wọ́n tó ka ohun mìíràn.

Omi dírípù tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní normal saline, omi àti iyọ̀ lásán ni, iyọ̀ gíráàmù 9 nínú lítà kan. Kò sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Dextrose 5% ní ṣúgà gíráàmù 50 nínú lítà kan, agbára tó wà níbẹ̀ kò tó kálórì 200. Ẹni tó wọn kílò 60 ń fẹ́ nǹkan bíi kálórì 1,500 sí 1,800 lóòjọ́. Ẹ ṣírò ọ̀hún fúnra yín: bí wọ́n bá fa lítà mẹ́ta sí i lára látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò tíì tó ìdajì ohun tó yẹ kó jẹ, kò sì sí purotéènì kankan níbẹ̀. Àwọ̀ yẹ́lò yẹn, fítámìn B ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà sínú rẹ̀. Ó máa ń wu àwọn èèyàn wa, wọ́n á tiẹ̀ ní kí nọ́ọ̀sì "fi oníyẹ́lò sí i," àmọ́ àwọ̀ kì í yó èèyàn. Ẹni tí kò bá jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, tó jẹ́ pé dírípù nìkan ni wọ́n ń fà fún un, ebi ni wọ́n ń fi pa á, kò sí orúkọ mìíràn fún un.

Àpò funfun ni oúnjẹ gidi. TPN ni wọ́n ń pè é ní wọ́ọ̀dù. Ṣúgà tó ki wà níbẹ̀, purotéènì tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́, ọ̀rá (òun ló jẹ́ kó funfun), iyọ̀ oríṣiríṣi, fítámìn. Torí pé ó ki, kò lè gba iṣan ọwọ́ kékeré, ó máa jó o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e gba iṣan ńlá ọrùn. Ẹ máa rí i pé wọ́n fi nǹkan bo àpò náà, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i torí pé "ó ṣókùnkùn jù."

Bàbá Ìbejì

Ah. Mo gbọ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣeun.

Ọmọ Iṣẹ́ Abẹ

Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ jẹ́ kí n fi ti tèmi kún un. Àbẹ̀kẹ́ béèrè ohun méjì tó jọ pé wọ́n tako ara wọn: kí ló dé tí ebi fi pa á nígbà tí oúnjẹ ń wọlé, kí ló sì dé tí kò fẹ́ jẹun mọ́ nígbà tí wọ́n gbà á láyè? Wọn ò tako ara wọn rárá.

Ebi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ẹnu tó ń jẹ, ọ̀fun tó ń gbé mì, ikùn tó ń wú bí oúnjẹ ṣe ń dé ibẹ̀, gbogbo wọn ló ń rán ìròyìn sí ọpọlọ pé ó tó. Ìfun náà, bí ọ̀rá àti purotéènì bá ti kàn án lára, á tú àwọn omi ara kan jáde tó ń sọ fún ọpọlọ pé ká dúró. Lọ́wọ́ kejì, ikùn òfìfo ń tú èyí tó ń pe ebi jáde. Ghrelin ni orúkọ rẹ̀, àwọn ará Japan ló ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1999. Oúnjẹ ojú iṣan fo gbogbo ọ̀nà yìí kọjá. Ara ń rí oúnjẹ, ikùn òfìfo ń pariwo. Torí náà, nígbà tí ọmọkùnrin yẹn ní ebi ń pa òun, òótọ́ ló ń sọ, kì í ṣe ìwà ọmọdé. Kò sì túmọ̀ sí pé àpò kò ṣiṣẹ́.

Àmọ́ bó bá pẹ́, oúnjẹ púpọ̀ tó ń ṣàn nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án lóru lè mú ìfẹ́ oúnjẹ rọlẹ̀. Ẹ fi kún un pé ara rẹ̀ ń bá kòkòrò àrùn jà, ọgbẹ́ ń dùn ún, oògùn ìrora ń mú kí èébì máa gbé e, ìfun tí kò ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ sì ti di ọ̀lẹ. Ẹnu kì í jí lójijì nítorí pé dókítà ní kó jí.

Ìtàn kékeré kan, torí mo fẹ́ràn rẹ̀. Ní Philadelphia, láàárín ọdún 1960 sí 1969, Stanley Dudrick àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi ojú iṣan nìkan bọ́ àwọn ọmọ ajá, wọ́n sì dàgbà bí àwọn tó ń fi ẹnu jẹun. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e dé ara ọmọ ìkókó tí ìfun rẹ̀ kò pé. Kò sẹ́ni tó bi ajá léèrè bóyá ebi ń pa á o.

Ohun tẹ́ ẹ lè bi dókítà yín: ṣé wọ́n lè máa so àpò náà lóru nìkan, fún nǹkan bíi wákàtí méjìlá, kí wọ́n sì tú u lọ́sàn-án? Èyí máa ń jẹ́ kí ebi rí àyè pa aláìsàn lójúmọmọ. Àwọn ni wọ́n máa pinnu o, torí ṣúgà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ire. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà láé, ẹ má sì pa á lójijì torí kó lè "jẹun dáadáa." Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè jábọ́ lọ́gán. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń dín in kù.

Ìyá Tọ́pẹ́, Lọ́ńdọ̀nù

Ọkọ mi ti ń gba TPN nílé fún ọdún bíi mélòó kan. Wọ́n gé ìfun rẹ̀ kúrú, èyí tó kù kò lè fa oúnjẹ tó. Níbí, àwọn ọsibítù kan wà tó jẹ́ pé àìsàn ìfun irú èyí gan-an ni iṣẹ́ wọn, bíi St Mark's ní Lọ́ńdọ̀nù àti Salford Royal. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa so ó lálẹ́, bí mo ṣe máa fọ ọwọ́, bí mo ṣe máa tú u láàárọ̀. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án.

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa ni bí oúnjẹ ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ àwùjọ. Ó wà láàyè, ó ń sanra, àmọ́ bí a bá ń jẹun, á wọ yàrá lọ. Dókítà gbà á láyè láti máa tọ́ ohun kékeré wò. Mo bá ní kó máa jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú wa, àwo kékeré ni mo ń gbé fún un, ó lè jẹ́ ṣíbí ẹ̀wà mẹ́ta pẹ̀lú omi ọbẹ̀. Kì í ṣe torí agbára tó wà nínú rẹ̀, àpò ti ṣe ìyẹn. Ó kàn ń jẹ́ kó bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun. Ọjọ́ wà tí kì í fẹ́ rárá, a kì í bá a jà.

Àbẹ̀kẹ́, ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àánú kì í ṣe ká máa rọ́ oúnjẹ lé e lórí.

Alágbo Ìjẹ̀bú

Ìyá yín mọ ohun tó ń sọ. Orógbó díẹ̀, ewúro díẹ̀, ẹnu á là.

Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹni tí ìfun rẹ̀ ṣì ń jò la máa fi èyí dán wò. Ìfun tó ní ihò kì í ṣe ibi tí a máa ń da ohun kíkorò sí. Mi ò bá ewúro jà, èmi náà ń fi ṣe ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un kó má di pé ẹlòmíràn gbé e wá: oògùn aṣúnnijẹun tí wọ́n ń tà káàkiri, tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin fi ń sanra, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní cyproheptadine. Ó máa ń kun èèyàn lóorun, ó sì lè mú kí ìfun falẹ̀. Ẹni tí a ń wá bí ìfun rẹ̀ ṣe máa jí, ẹ má fún un ní ohun tó máa tún mú un sùn, àfi bí dókítà rẹ̀ bá kọ ọ́.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù: oúnjẹ tí àwọn ará ilé ń fi pamọ́ sínú báàgì nígbà tí wọ́n ti kọ "kò gbọdọ̀ jẹ" sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti rí ìyá tó fi ìka tọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọbẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Mo mọ ohun tó fà á. Àmọ́ ìfun tí kò tíì jinná, oúnjẹ yẹn lè gba ojú ihò náà tú sínú ikùn, ó sì di iṣẹ́ abẹ mìíràn. Bí ó bá ń pariwo ebi, ẹ pe nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká fọ ẹnu rẹ̀, ká wo ohun tí a gbà á láyè láti fi sẹ́nu.

Kẹ́mi Ò Sùn

Ẹnu rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Mo tọ́jú bàbá mi. Ẹni tí kò jẹun, itọ́ rẹ̀ á dín kù, ahọ́n rẹ̀ á funfun, á máa rùn, ohunkóhun tó bá fi sẹ́nu á korò. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ahọ́n pẹ̀lú, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí fún fífọ ẹnu, kó tu ú síta, Vaseline sí ètè. Kẹ́ ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó gbé ògì dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju oògùn kankan lọ.

Ẹ bi wọ́n nípa ṣíńgọ́ọ̀mù náà. Àwọn dókítà kan máa ń fún ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, torí pé jíjẹ lẹ́nu lásán ń jẹ́ kí ìfun rò pé oúnjẹ ń bọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ọmọ Iṣẹ́ Abẹ

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu kíkorò, ẹ wo oògùn tó ń lò. Metronidazole tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn máa ń mú kí ẹnu dà bí irin. Bó bá ń lò ó, ó ṣeé ṣe kó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lò ó tán, bí ó bá sì parí, ó máa dínkù. Ohun kejì: omi ìfun tó ń jáde yẹn ń kó zinc, èròjà kan tí ara nílò, lọ, àìtó zinc sì máa ń ba adùn ẹnu jẹ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń fi zinc tó pọ̀ tó sínú àpò rẹ̀. Ìbéèrè tó dára ni, kò sí dókítà tó máa bínú sí i.

Ìyá Ológì

Ògì ni mo ń tà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ògì. Ó ní ó ń rùn? Ó lè jẹ́ òótọ́. Ògì tó ti pẹ́ lómi á kan gan-an, imú aláìsàn sì mú ju tiwa lọ. Ẹ ra ògì tuntun, ẹ da omi orí rẹ̀ nù, ẹ fi omi mímọ́ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sè é. Ẹ sè é kó jinná gan-an, kó máa dán. Kí ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀. Oúnjẹ gbígbóná ni òórùn rẹ̀ ń jáde jù. Ẹ má ṣí ìdérí kúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ ṣí i níta, ẹ dà á sínú ife tíì kékeré, kí ẹ sì gbé ife nìkan wọlé. Abọ́ ńlá á ti yó o kó tó fẹnu kàn án.

Kó mú ṣíbí náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ bí ọmọ ọwọ́, kì í wù ú.

Kẹ́mi Ò Sùn

Ẹ sì jẹ́ kí àwọn àlejò dín kù. Ẹni mẹ́fà tó yí i ká, tí gbogbo wọn ń sọ pé "jẹ ẹ́, torí Ọlọ́run," ta ni yóò jẹun?

Sùnmọ́nù Adó

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ní ìbéèrè tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò rí owó àpò funfun yẹn. Wọ́n sọ iye rẹ̀ fún wa, ojoojúmọ́ sì ni, a wo ara wa lójú. Dextrose ni wọ́n ń fà fún un láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìfun rẹ̀ ò ní nǹkan kan o, ọ̀fun ló ń dùn ún, kò lè gbé nǹkan mì. Kí la lè ṣe?

Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́

Alàgbà Sùnmọ́nù, bí ìfun rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, kò nílò àpò funfun rárá, ọpẹ́ ni. Ẹ bi wọ́n lónìí bóyá wọ́n lè fi rọ́bà tín-ín-rín gba imú rẹ̀ dé inú ikùn. Wọ́n á máa fi oúnjẹ olómi gba ibẹ̀. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀, ewu rẹ̀ sì kéré ju ti iṣan lọ. Ìfun tó bá ń ṣiṣẹ́, òun ni kí wọ́n lò.

Àmọ́ ẹ fetí sí èyí. Ẹni tí kò jẹun fún ju ọjọ́ márùn-ún lọ, wọn kì í fún un ní oúnjẹ kíkún lójijì, yálà lẹ́nu ni o, nípasẹ̀ rọ́bà ni o, tàbí lójú iṣan. Bí oúnjẹ bá ya wọ ara tó ti gbẹ, àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ bíi phosphate, potassium àti magnesium á jábọ́, ọkàn lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ìdajì ohun tó yẹ kó jẹ, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fún un ní fítámìn B1 kí oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ń fún un ní díẹ̀, kì í ṣe ahun ni wọ́n ń ṣe.

Sùnmọ́nù Adó

Ẹ ṣeun gidigidi. Mo ń lọ bá wọn báyìí.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀ṣogbo

Ẹ̀yin ará wa, ẹ ṣeun o. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún Màmá lórí fóònù, ọ̀rọ̀ Ìyá Tọ́pẹ́ ni wọ́n ní kí n kà lẹ́ẹ̀mejì. Àgbo ti dúró ná. A fọ ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo ra ògì tuntun, mo fi ife tíì gbé e wọlé. Ó mu bíi ìdajì ife, ó ní "kò burú." Dókítà náà bi í léèrè níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù pé ṣé ó ti só. Ojú tì í! Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ní ìròyìn ayọ̀ nìyẹn.

Ìgbà wo ni wọ́n máa tú àpò náà kúrò? Ó tún ní malt ń wu òun.

Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́

Ìròyìn ayọ̀ ni lóòótọ́, atẹ́gùn tó jáde túmọ̀ sí pé ìfun ti ń rìn. Àpò kì í kúrò lọ́jọ́ kan. Bí ohun tó ń gba ẹnu wọlé, tó sì dúró sínú, bá ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohun tó yẹ kó jẹ lóòjọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ohun gbogbo tó bá mu, ẹ kọ iye rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ sí i, kódà bó jẹ́ ṣíbí méjì. Ẹ kọ iye omi tó ń jáde lójú ọgbẹ́ náà, torí bí ìyẹn bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tó bá jẹun, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́. Ibà, òtútù tó ń mú un gbọ̀n nígbà tí àpò ń ṣàn, tàbí ibi iṣan ọrùn tó pọ́n, ẹ má dúró di àárọ̀.

Malt: ẹ má tíì fún un. Ohun dídùn púpọ̀ máa ń fa omi wọ inú ìfun, ọgbẹ́ náà á sì máa tú omi jáde sí i. Omi iyọ̀ òun ṣúgà tí wọ́n ń pè ní ORS ló máa bá a mu jù, díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣe malt gan-an ló fẹ́, ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè gbà á láyè láti mu díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti rò ó kí ìfófòó rẹ̀ lọ.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀ṣogbo

Màá bi wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń yípo wọ́ọ̀dù lọ́la. Ó tún ní ẹja gbígbẹ inú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ń wu òun.

Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́

Ẹja ṣì kù díẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ó ń wù ú, àwọn náà máa fẹ́ gbọ́ ọ.